Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí káábọ́ọ̀nù bò lára ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ojú omi: ṣé kí n ra tuntun ni?

Ọlọ́kọ̀-Omi (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ojú omi. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní ọkọ̀ ojú omi kan ní èbúté Ìgbókòdá tó ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Ayétòrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń wà á. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìdí rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, tú-sítíróòkù (irú èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo) onísílíńdà mẹ́fà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 200 ẹṣin. Kò lo kábúrétọ̀; ínjẹ́kítọ̀ ló ń fọ́n epo sí i, bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré ara rẹ̀, ló sì ń darí gbogbo rẹ̀.

Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ lórí rẹ̀. Bó bá wà ní síló, tí a kò tíì tẹ iná rẹ̀, yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, èéfín yóò sì máa rú jáde títí aṣọ àwọn èrò á fi máa rùn fún epo. Lílọ àti bíbọ̀ tó ń gba kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin tẹ́lẹ̀, oní-lítà 25, ti di kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, ẹ sì mọ ohun tí epo ń jẹ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Mẹkáníìkì kan tú u, ó sì fi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn rẹ̀ hàn mí: ó dúdú bí ìdí ìkòkò orí àdògán. Ó ní òun yìí ni gbogbo wàhálà náà, ó gé wáyà rẹ̀, ó sì ní kí n máa lò ó bẹ́ẹ̀. Èéfín kò dín, epo kò dín. Ṣé kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun ni? Iye tí wọ́n pè é fún mi kì í ṣe owó tí ènìyàn fi ń dán nǹkan wò.

Mẹkáníìkì Etídò (Ìgbókòdá)

Ẹ kú ìnáwó, ọ̀gá wa. Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ̀mù, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ẹni yẹn fi gé wáyà náà, nítorí mi ò rò pé ìkà ló fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ́ńjìnnì tó wà lórí omi Ìlàjẹ yìí, oní-15, oní-40 àti oní-75 ẹṣin, oníkábúrétọ̀ ni wọ́n, kò sì sí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lára wọn rárá. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lórí wọn, tó wá bá nǹkan kan pàdé lára ẹ́ńjìnnì tí kò sí lára èyí tó mọ̀, á rò pé ìdíwọ́ ni. Ṣùgbọ́n lára ẹ́ńjìnnì tiyín, ojú tí bíréènì bọ́ọ̀sì fi ń ríran ni. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń sọ fún un bóyá epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ohun tó ń jó, tàbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ ju epo lọ. Bí wọ́n bá gé e, bíréènì bọ́ọ̀sì á padà sí ìṣirò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ìṣirò náà sì máa ń fi epo díẹ̀ lé e kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí epo yín kò fi dín.

Irú ẹ́ńjìnnì tiyín tí mo ti tú jù ni èyí tí Yamaha kọ OX66 sí lára. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló ní, sílíńdà àkọ́kọ́ tó wà lókè nìkan ló sì ń yẹ̀ wò. Ohun tó bá rí ní sílíńdà kan yẹn ni bíréènì bọ́ọ̀sì fi ń ṣèdájọ́ márùn-ún yòókù. Ẹ wá wò ó báyìí: bí pílọ́ọ̀gì (ohun tó ń ta iná sí epo) sílíńdà àkọ́kọ́ bá kú, epo ibẹ̀ kò ní jó, ọ́síjìn tó yẹ kó bá a jó á sì kọjá lọ gbọọrọ. Sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn púpọ̀, á ké pé epo kò tó, bíréènì bọ́ọ̀sì á sì da epo lé sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Pílọ́ọ̀gì kan ló ṣẹ̀, gbogbo ilé ló fara gbá a. Ẹni tó bá ra sẹ́ńsọ̀ tuntun sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, tuntun náà á sọ ohun kan náà, á sì dúdú láàárín oṣù kan.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn lórí nǹkan mélòó kan. Àwọ̀ wo ni èéfín náà? Dúdú ni, àbí funfun tó rá sí búlúù? Kí ẹ yọ àwọn pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì sọ bí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Kí ẹ ṣí tẹ́mósítáàtì rẹ̀ (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣàkóso omi tó ń tù ú) wò bóyá ó ń pa dé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọkàn mi ni pé: ta ló ń po epo fún ọkọ̀ yín, báwo ló sì ṣe ń pò ó?

Rẹ́wáyà Àkúrẹ́

Ọ̀gá Etídò ti sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Wáyà tí wọ́n gé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí bí wọ́n bá so ó padà lọ́nà tí kò tọ́, wọ́n á tún fi àìsàn mìíràn kún un.

Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló ń mí. Inú rẹ̀ nílò afẹ́fẹ́ mímọ́ tí á máa fi wé èéfín tó wà lóde, inú wáyà rẹ̀ gan-an, láàárín àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ike, ni afẹ́fẹ́ náà sì ń gbà wọlé. Bí ènìyàn bá fi òjé jó ojú wáyà náà pọ̀, tàbí tó fi gíríìsì kún ẹnu ibi tí wáyà rẹ̀ ti ń so mọ́ra kí omi òkun má baà wọlé, ó ti di imú rẹ̀ nìyẹn. Ike ìsowáyà tí à ń fi púláyà fún mọ́ra ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó ń súnkì bí ooru bá kàn án bò ó.

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ wá mítà onínọ́ńbà, kì í ṣe èyí tó ní abẹ́rẹ́ tó ń yí. Ẹ gbé e sí ibi tí a fi ń wọn fóòtì (agbára iná), kí ẹ má gbé e sí ibi tí a fi ń wọn òómù (ìdènà iná) lórí wáyà tó ń mú ìròyìn jáde, nítorí iná mítà lè ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ọkọ̀ wà lórí omi, kí ẹ sì fún un níná (ìtẹ̀ epo) tó dúró sójú kan. Irú sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ jù máa ń mú iná tó wà láàárín 0.1 sí 0.9 fóòtì jáde. Tó bá ń lọ sókè sódò láàárín àwọn nọ́ńbà yìí, ó wà láàyè. Tó bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nínú kí ó ti kú, kí káábọ́ọ̀nù ti bò ó, tàbí kó jẹ́ òtítọ́ ló ń sọ pé ọ́síjìn pọ̀. Mítà kò lè dá fi ìyàtọ̀ hàn yín láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ẹ̀dá gbọ́dọ̀ bá a wò ó.

Mo tún fẹ́ rọ̀ yín: bó bá jẹ́ orí ilẹ̀ lẹ ti fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì náà, ẹ fún un ní omi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí omi tó láti jẹ ímpẹ́là rẹ̀ (ohun tó ń fa omi tó ń tù ú) run.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Oǹdó)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣi àmì rẹ̀ kà.

Inú irin tó ní ihò wẹ́wẹ́ yẹn, nǹkan funfun kan bí àwo tánńganran ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi èròjà tí à ń pè ní zirconia ṣe, wọ́n sì fi ìpele píláátínọ́ọ̀mù tín-ín-rín bò ó nínú àti lóde. Afẹ́fẹ́ mímọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, èéfín wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ìgbóná rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 300, ọ́síjìn á bẹ̀rẹ̀ sí gba inú tánńganran náà kọjá láti ibi tó ti pọ̀ lọ sí ibi tó ti ṣọ̀wọ́n, ìrìn àjò rẹ̀ yẹn ló sì ń di iná. Bí èéfín kò bá ní ọ́síjìn, tó túmọ̀ sí pé epo ti pọ̀ jù, iná á ga sókè sí ìtòsí 0.9. Bí ọ́síjìn bá kún inú èéfín, iná á wálẹ̀ sí ìtòsí 0.1. Ibi tí ó ti ń ré kọjá láàárín méjèèjì, nǹkan bí 0.45, ni ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti bára mu, ìyẹn kílógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílógíráàmù epo kan. Ọdún 1976 ni Bosch ti Jámánì gbé e jáde fún mọ́tò, Volvo ló sì kọ́kọ́ lò ó. Kò sí nínú èyí tó ṣòro láti lóye, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà mi lóye rẹ̀ láàárín ìdá mẹ́ta wákàtí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé gbogbo ìdọ̀tí kọ́ ló dọ́gba. Káábọ́ọ̀nù dúdú tó rí bí àtíkè èédú, epo tí kò jó tán ló ń fà á, iná gbígbóná sì lè jó o kúrò. Eérú aláwọ̀ ilẹ̀ tó le, láti inú ọ́ìlì ló ti ń wá, kì í sì í jó. Èyí tó funfun tó sì rí hẹ́hẹ́ bí iyanrìn, láti inú gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi sí ojú gáskẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì kó má baà jò) ni. Tí oru gọ́ọ̀mù náà bá jó, gíláàsì ló ń dà sára sẹ́ńsọ̀, ó sì máa ń dí ihò rẹ̀ pa. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi fọ ìyẹn.

Ọmọ Òkìtìpupa

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn jù. Tèmi, mo gbé sẹ́ńsọ̀ mọ́tò mi lé orí ìdáná gáàsì títí ó fi pọ́n, mo jù ú sínú omi tútù, gbogbo dúdú ara rẹ̀ sì bọ́ kúrò. Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀-Omi, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ṣiṣẹ́.

Mẹkáníìkì Etídò (Ìgbókòdá)

Àbúrò mi, mo gbà pé iná lè jó káábọ́ọ̀nù kúrò, olùkọ́ wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Omi tútù yẹn ni mi ò fara mọ́. Tánńganran tó gbóná pípọ́n tó bá kan omi tútù, sísán ló máa sán, sísán inú rẹ̀ sì lè má hàn sí ojú. Sẹ́ńsọ̀ yín á mọ́ lára, á sì kú nínú. Nínú mọ́tò lórí títì, epo nìkan ni yóò máa jẹ. Nínú tú-sítíróòkù lórí òkun, bí sẹ́ńsọ̀ tó sán bá ṣèèṣì sọ pé epo pọ̀ nígbà tí kò pọ̀, bíréènì bọ́ọ̀sì á dín epo kù, epo tó bá sì kéré jù máa ń yọ́ orí písítìn. Mo ti mú písítìn tí ihò wà láàárín rẹ̀ dání rí, ihò tí ìka mi wọ̀, ọkọ̀ náà sì ní èrò nínú ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Rẹ́wáyà Àkúrẹ́

Iná gáàsì ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyẹ̀wò ni. Ẹ fi báìsì di sẹ́ńsọ̀ mú níbi irin rẹ̀, ẹ so mítà mọ́ wáyà rẹ̀, ẹ sì gbé ẹnu iná gáàsì kékeré sí orí rẹ̀ títí yóò fi gbóná. Àárín ahọ́n iná náà kò ní ọ́síjìn, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ tó dára gbọ́dọ̀ gòkè kọjá 0.6 fóòtì níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí iná kúrò lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á kàn án, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kíákíá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tó bá ń lọ́ra bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti di aláìsàn. Èyí tí kò bá gòkè rárá ti kú. Kí ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà o, kí kẹ́ẹ̀gì epo kankan má sì sí nítòsí.

Ọlọ́kọ̀-Omi (Àkúrẹ́)

Mo ti lọ, mo sì ti dé. Ní àárọ̀ Sátidé ni mo kúrò ní Àkúrẹ́, mo gba Oǹdó àti Òrè kọjá sí Òkìtìpupa, mo sì dé Ìgbókòdá kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bí mo ṣe rí i.

Èéfín rẹ̀ ní àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, funfun ni, ó sì rá sí búlúù, ó ń ta sójú. Lẹ́yìn tó pẹ́ díẹ̀ ló di dúdú. A yọ àwọn pílọ́ọ̀gì, a sì tò wọ́n sórí pákó. Márùn-ún dúdú, wọ́n sì tutù fún epo, bí ẹni pé wọ́n rì wọ́n bọ inú àdín. Ti àkọ́kọ́ burú jù wọ́n lọ: tánńganran funfun ara rẹ̀ ti là láti òkè dé ibi irin, ìlà tín-ín-rín dúdú kan bí irun orí, ibi tí iná ti ń sá jáde nìyẹn. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ sí oòrùn, mi ò bá má rí i.

Tẹ́mósítáàtì rẹ̀ kò pa dé. Iyọ̀ òkun àti iyanrìn ti dì sí ẹnu rẹ̀, ó là sílẹ̀ gbayawu, nítorí náà ẹ́ńjìnnì náà kì í gbóná tó bó ṣe yẹ.

Mo wá béèrè ìbéèrè ọ̀gá Etídò lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: ta ló ń po epo? Ó dáhùn láìmikàn pé òun ni, pé ìdajì lítà ọ́ìlì ni òun ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ lórí oní-40 ṣe fi kọ́ òun. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yìí ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀ tó ń fà fúnra rẹ̀ ni? Ó ní òun mọ̀, òun sì ń bu ọ́ìlì sí ìyẹn náà, kí ẹ́ńjìnnì lè gbádùn. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ni à ń lò báyìí, lítà mẹ́ta ọ́ìlì nìyẹn lórí ìrìn kan, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fà nínú táǹkì rẹ̀. Ọ́ìlì náà gan-an, inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ti ń bù ú, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Mi ò bá a jà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn, èmi tó ni ọkọ̀ náà kò sì béèrè rí.

Mẹkáníìkì Etídò (Ìgbókòdá)

Ẹ ṣeun tí ẹ kò bá ọmọ náà jà. Ìdajì lítà sí lítà 25, ìpín kan sí 50 nìyẹn, ó sì tọ́ fún oníkábúrétọ̀ tí kò ní táǹkì ọ́ìlì. Ohun tó tọ́ lórí ẹ́ńjìnnì kan ló ń ba òmíràn jẹ́ yìí.

Àìsàn mẹ́ta lẹ rí yẹn, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ́ìlì ìlọ́po méjì ló ń mú èéfín àárọ̀ yẹn wá, òun ló sì kọ́kọ́ ń bo sẹ́ńsọ̀. Tẹ́mósítáàtì tó là sílẹ̀ ń mú kí bíréènì bọ́ọ̀sì rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fún un ní epo ìjí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Pílọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ tó là sì ń mú kí sẹ́ńsọ̀ máa jẹ́rìí pé ọ́síjìn pọ̀, nígbà tó ṣì lè jẹ́rìí.

Ẹ pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ wá tẹ́mósítáàtì tuntun, ẹ da epo tó wà nínú táǹkì àti ọ́ìlì tó wà nínú táǹkì tirẹ̀ nù pátápátá. Ọ́ìlì tí ẹ ó rà, kí ẹ wá àmì TC-W3 lára ike rẹ̀. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù, kò sì ní àwọn èròjà tó ń di eérú tí ọ́ìlì mọ́tò ní. Lẹ́yìn náà ni ká wá yẹ sẹ́ńsọ̀ wò. Kí ẹ sì tún ṣí yàrá kékeré tí sẹ́ńsọ̀ náà jókòó sí, kí ẹ ha káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ àti ihò tó wọ inú sílíńdà, nítorí bí ihò yẹn bá dí, sẹ́ńsọ̀ tuntun kò ní rí èéfín kankan gbà. Ṣe ẹ rí gọ́ọ̀mù lójú gáskẹ́ẹ̀tì ibẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja (Ayétòrò)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ọkùnrin ní oní-40, òun náà ń rú èéfín, ẹnì kan sì ti ní ká mú owó sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn wá. Ṣé ká fún un ni?

Mẹkáníìkì Etídò (Ìgbókòdá)

Ẹ kú ọjà, Mà. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ oníkábúrétọ̀ ni, kò sí sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín wo pílọ́ọ̀gì, kí ó tún wo bó ṣe ń po ọ́ìlì, kí ó sì rí i dájú pé sóòkù (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí a bá ń jí ẹ́ńjìnnì) kò há sí ibi tí ó pa dé. Mẹ́ta yẹn náà ló máa ń jẹ́, Mà.

Ọmọ Òkìtìpupa

Mo ti gba ti omi tútù, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí tọ́ọ̀kì bá dé orí ríra, ṣé kò ní dára kí wọ́n ra tòkunbọ̀ ti mọ́tò ní Àkúrẹ́? Ẹsẹ̀ ìdè wọn bára mu, sípánà 22 kan náà ló ń tú wọn.

Rẹ́wáyà Àkúrẹ́

Kí ẹsẹ̀ ìdè bára mu kò tó. Iye wáyà wọn lè yàtọ̀, agbára ohun tó ń mú un gbóná nínú lè yàtọ̀, irú sẹ́ńsọ̀ kan sì tún wà tí kì í mú iná jáde rárá, tó jẹ́ pé ìdènà iná rẹ̀ ló ń yí padà. Bíréènì bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò gbọ́ èdè èkejì. Tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ ohun tó ti gbé mì. Nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà.

Ọlọ́kọ̀-Omi (Àkúrẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó padà wá.

A ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá Etídò sọ, àyàfi sẹ́ńsọ̀. A fi ìsowáyà so wáyà àtijọ́ padà, a sì rìn ìrìn àjò méjì. Èéfín àárọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gbígbọ̀n síló dúró, epo sì wálẹ̀ láti kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà sí márùn-ún. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, ṣùgbọ́n kò padà sí mẹ́rin. Mo wá mú sẹ́ńsọ̀ náà bọ̀ ní Àkúrẹ́, mo gbé e tọ rẹ́wáyà kan tó ní iná gáàsì. Dúdú ara rẹ̀ ti dín kù ní tòótọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ dúdú náà, ní etí àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn, nǹkan funfun hẹ́hẹ́ kan wà níbẹ̀ bí iyọ̀ tó gbẹ sórí ẹja. Mo fi èékánná ha á, kò ṣí. Nínú iná, ó gòkè dé 0.3, kò kọjá ibẹ̀. Nígbà tí a ṣí iná kúrò, a ka ìṣẹ́jú àáyá tó lé ní ogún kó tó wálẹ̀.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó wo ojú ìdérí yàrá sẹ́ńsọ̀. Gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù ló kún ibẹ̀ yí po, ó pọ̀ débi pé ó rọ́ wọ inú. Ẹni tó kọ́kọ́ tú u fi dípò gáskẹ́ẹ̀tì ni. A ha gbogbo rẹ̀ kúrò, a wá gáskẹ́ẹ̀tì gidi, mo sì ra sẹ́ńsọ̀ tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tó bá ti àtijọ́ mu. Ó dùn mí láti san owó náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń san án fún.

Lánàá, mo bá wọn lọ sí Ayétòrò fúnra mi, mítà wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá kí omi má baà ta sí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, tí a sì fún un níná tó dúró sójú kan, nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré: 0.2, 0.7, 0.3, 0.8, kò dúró lójú kan. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ náà. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin àti díẹ̀ la lò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ìdérí táǹkì pé kí ẹnikẹ́ni má po ọ́ìlì mọ́ epo ọkọ̀ yìí.

Mẹkáníìkì Etídò (Ìgbókòdá)

Ẹ kú oríire, ọ̀gá wa. Ẹ ṣí sẹ́ńsọ̀ náà wò lẹ́yìn nǹkan bí 100 wákàtí, kí ẹ sì ha yàrá rẹ̀ bí ẹ bá ti ṣí i. Kí ẹ fi gíríìsì tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra pa ẹsẹ̀ ìdè rẹ̀ díẹ̀, kó má sì kan orí rẹ̀. Mo tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín: ẹ má sọ ti àtijọ́ yẹn nù. Bí ẹ bá tún ń bọ̀ ní Ìgbókòdá, ẹ mú un dání fún mi. Mo ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta tí wọn kò tíì rí funfun orí sẹ́ńsọ̀ rí, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi èékánná ara wọn ha á.